Àga Méjì Nínú Páálà Bàbá Àgbà

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni bàbá àgbà mi, kó lọ bá ọmọ-ọmọ mìíràn. Èmi Ràṣí, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ló bí mi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbé dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mo sì mọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe wúwo tó. Ó na káfíńtà, ó na ọ̀gá ọ́fíìsì, ó na èmi náà. Àwọn tó wá kí wa lẹ́yìn ìsìnkú ń sọ pé aláàánú ni, wọ́n ní kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Mo gbé omi fún wọn. Òkú kì í ní àléébù lẹ́nu ẹni tó wá jẹ sàárà. Nínú ohun tí mo ń kọ yìí, "ó" ni màá máa pè é, kì í ṣe "wọ́n", torí bí mo bá ń sọ pé wọ́n gbá ẹnì kan létí, ẹ lè rò pé ogún ènìyàn ló ń lu ẹnì kan ṣoṣo.

Bàálù ló ń wà. Alhaji Bàálù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Oríṣi méjì ló ní ìwé àṣẹ láti wà: alábẹ̀bẹ̀, tó máa ń kùn lọ sí Kánò, àti jẹ́ẹ̀tì, tí kò ní abẹ̀bẹ̀, tó sì ń sáré jù ú lọ. Àwọn ará àdúgbò rò pé ẹni tó bá ti mọ ọ̀kan ti mọ èkejì, bí ẹni tó yá kẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ gùn. Inú máa ń bí Bàbá tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Dandan ni kó máa wa méjèèjì déédéé, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n sì ń dán an wò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá fìdí rẹmi, wọ́n á gba ìwé àṣẹ ọ̀hún lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdánwò kọ́ ló ń bà á lẹ́rù o. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi títí ó fi yé mi. Bí bàálù bá fẹ́ balẹ̀, awakọ̀ á sọ táyà sílẹ̀, á sì na ìyẹ́ kan tó wà lẹ́yìn apá bàálù jáde, kí eré lè dínkù. Bó bá ti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ tán, á ká ìyẹ́ náà padà. Ọ̀pá kan wà fún táyà, ọ̀pá kan wà fún ìyẹ́, àmọ́ àwọn tó ṣe bàálù méjèèjì kò fi wọ́n síbi kan náà. Ibi tí ọ̀pá ìyẹ́ wà nínú jẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá táyà ló wà níbẹ̀ nínú alábẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé èyí tó jókòó sí, tó na ọwọ́ láti ká ìyẹ́ nígbà tí bàálù ṣì ń sáré lórí ilẹ̀, táyà ló máa ká. Bàálù á fi ikùn lélẹ̀, tòun ti epo àti èrò inú rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àga méjì fi wà ní páálà wa lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí àlejò kankan kò gbọdọ̀ jókòó lé. Ọ̀kan jẹ́ alábẹ̀bẹ̀, ọ̀kan jẹ́ jẹ́ẹ̀tì. Káfíńtà kan láti Ìdúmọ̀tà ló kan pákó síwájú wọn, tó sì fi igi gbẹ́ àwọn ọ̀pá. Bàbá so àkísà pupa mọ́ ọ̀pá táyà lórí méjèèjì. Nígbà tí káfíńtà kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ dé, ibì kan náà ló fi àwọn ọ̀pá sí lórí àga méjèèjì. Ó ní òun rò pé Bàbá ló ṣì í yà nínú àwòrán tó fún òun, òun sì bá a tún un ṣe. Bàbá yọ pákó kan nínú rẹ̀, ó fi gbá a láàárín ẹ̀yìn, pákó dá sí méjì. Ọkùnrin náà wà nílẹ̀, ó ń wá èémí. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé, "Ṣé o mọ̀ pé o fẹ́ẹ̀ pa ogójì ènìyàn?"

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa nà án. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tó fi mí ṣe é. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó bá ń fò, lẹ́yìn ìrun Sùbúù, á jókòó sórí àga bàálù tó ń lọ wà, á di ojú, èmi á dúró tì í pẹ̀lú rúlà onígi. Màá máa ka ohun tó kàn láti ṣe, òun á máa na ọwọ́ sí i. Èdè Yorùbá ni mo fi ń kà á, bẹ́ẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú bàálù. Ó ní bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, èdè ìyá rẹ̀ ló máa fi ké. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá lọ síbi tí kò yẹ, kí n fi rúlà lù ú ní eegun ìka. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó ṣì í, mo rọra fi kàn án, ta ló máa na bàbá àgbà rẹ̀? Ó gba rúlà náà, ó tẹ́ ọwọ́ mi sórí pákó, ó sì lù ú tí àwọ̀ bó. Mo pariwo. Ó dá rúlà padà fún mi. "Báyẹn ni kó ṣe dùn mí. Bí kò bá dùn, ọwọ́ ò ní gbọ́." Láti ọjọ́ náà mo ń nà án bí ẹni ń na olè, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Kò na Ìyá àgbà, ìyàwó rẹ̀, rí. Ìyá àgbà ló ń na Bàbá.

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì títì, kí wọ́n bọ́ sápá ọ̀tún, ìran wà láti wò ní Èkó. Bàbá ń rìn kiri bí ọba, ó ní ẹ̀yin ará Èkó, ẹ ti wá kó sínú ohun tí mò ń bá jà lójoojúmọ́. Àárín ọ̀sẹ̀ náà, a ń sọdá ní Tinúbú, ó di ọwọ́ mi mú. Mọ́tò kan yọ lápá òsì, apá àtijọ́, ó ń bọ̀ wá bá wa gbangba. Bàbá fà mí sẹ́yìn, mọ́tò náà gbá àpò ìwé mi lọ. Awakọ̀ rẹ̀ tẹ bíréèkì. Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Bàbá ti fi kọ́là fà á jáde láti ojú fèrèsé, ó sì ń fi ìkúùkù lù ú lójú, lẹ́nu, títí ẹ̀jẹ̀ fi bo ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. Ọkùnrin náà ń bẹ̀bẹ̀ pé ẹ jọ̀ọ́ sà, ọwọ́ òun ló gbàgbé. Ọlọ́pàá méjì ló fa Bàbá kúrò lára rẹ̀. Bí a ṣe ń bọ̀ nílé, ó wò mí. "Ọwọ́ kì í gbàgbé, Ràṣí. Ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa ń rántí, nígbà tí a ò rán an."

Ó láwọn ọ̀tá níbi iṣẹ́, ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Awakọ̀ kò pọ̀ nígbà náà. Bí ẹni tó ń wa jẹ́ẹ̀tì bá ṣàìsàn, ọ́fíìsì wọn ní Marina á ránṣẹ́ pe ẹni tó wa alábẹ̀bẹ̀ dé ní àná, tí ó bá ti ní ìwé àṣẹ méjèèjì. Bàbá kì í gbà. Ó fẹ́ ọjọ́ mẹ́ta láàárín, kó lè jókòó sórí àga tó kàn. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá tó ń to orúkọ wọn sínú ìwé iṣẹ́ sọ fún un pé ìwé àṣẹ rẹ̀ sọ pé ó lè wa méjèèjì, kò sọ pé kó kọ́kọ́ sinmi. Bàbá fa ìwé iṣẹ́ náà ya, ó gbá ọ̀gá yìí létí, gíláàsì ojú rẹ̀ fò jáde láti fèrèsé. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé fún oṣù kan. Ohun tó sọ fún wọn kó tó jáde, akọ̀wé ibẹ̀ ló wá sọ ọ́ fún wa nílé: "Ẹni méjì ni mí. Ẹ máa sọ ẹni tí ẹ ń pè."

Bọ̀dá Wàídì ni àbíkẹ́yìn rẹ̀, àbúrò ìyá mi, òun náà sì di awakọ̀ bàálù. Ó yára, ó rẹwà, ẹ̀rín kì í tán lẹ́nu rẹ̀, èmi sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ènìyàn ilé lọ. Alábẹ̀bẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wà. Nígbà tó gba ìwé àṣẹ jẹ́ẹ̀tì, gbogbo ìdílé lọ ṣe àdúà fún un ní mọ́ṣáláṣí. Kò jókòó lórí àga Bàbá rí. Ó ní eré ọmọdé ni Bàbá ń ṣe. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ó sì ń bẹ̀rù fún un. Mo mọ̀, torí nínú àwọn ọmọ rẹ̀, òun nìkan ni kì í nà.

Àsìkò Hájì dé. Iṣẹ́ pọ̀, Bọ̀dá ò sì kọ iṣẹ́ kankan. Lọ́jọ́ Sátidé kan ó yà sí ilé wa lọ́sàn-án. Jẹ́ẹ̀tì ló wà dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló máa wa alábẹ̀bẹ̀ lọ sí Kánò, pẹ̀lú àwọn alálàájì tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ará àdúgbò wa. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, ẹnu mi sì mú. Mo ní kí ó wá jókòó kí n wò ó, àbí ẹ̀rù rúlà ń bà á ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó sórí àga alábẹ̀bẹ̀, ó di ojú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ń ṣe é dáadáa títí mo fi dé òpin. Mo ní, "Ó ti balẹ̀. Ẹ ká ìyẹ́." Ọwọ́ rẹ̀ lọ tààrà sí àkísà pupa.

Mo lù ú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká tún un ṣe. Ó tún lọ síbẹ̀. Nígbà kẹta ó ṣe é bó ṣe yẹ, ó sì ní àbí mo ti rí i. Mo ní ká ṣe ẹ̀kan sí i. Ọwọ́ rẹ̀ tún di àkísà pupa mú. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó la ojú, ó wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

"Ràṣí, má sọ fún Bàbá o."

Mo ní mi ò ní sọ. Ó lọ wẹ̀. Bàbá wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń ṣe àlùwàlá. Mo dúró níwájú rẹ̀ títí ó fi bi mí pé kí ló dé, mo sì sọ ọ́. Ó bi mí pé ẹ̀ẹ̀melòó. Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹta nínú mẹ́rin. Ó parí àlùwàlá rẹ̀, ó kí ìrun rẹ̀ pé láìyára, ó ká ẹní, ó wá dìde.

Bọ̀dá ti wọ aṣọ iṣẹ́, ó ń sọ̀kalẹ̀ nígbà tí Bàbá bá a lórí àtẹ̀gùn. Bàbá ní kó ránṣẹ́ sí wọn pé ara rẹ̀ kò yá. Bọ̀dá ní ara òun yá. Bàbá ní kó wá jókòó sórí àga kí òun fojú ara òun rí i. Bọ̀dá wò mí lẹ́ẹ̀kan, èmi sì wo ilẹ̀.

"Bàbá, èmi kì í ṣe ọmọdé mọ́. Bí mo bá kọ iṣẹ́ lónìí, wọ́n á gba jẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi dúró dè é."

"Èrò mélòó ló wà nínú ọkọ̀ náà?"

"Ogójì."

"Wàídì, mo bẹ̀ ẹ́."

Mi ò gbọ́ ọ rí kí Bàbá bẹ ẹnikẹ́ni. Bọ̀dá ní ó tó gẹ́ẹ́, ó kọjá lọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di férémù ilẹ̀kùn mú, ó bẹ̀rẹ̀ láti fi ọwọ́ kejì wọ bàtà. Ilẹ̀kùn ìrókò àtijọ́ ni, èyí tí àwọn Àgùdà kàn, èmi nìkan kò lè tì í. Bàbá fi èjìká gbá a mọ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Mo gbọ́ ọ bí ìgbà tí wọ́n ń ṣẹ́ igi ìdáná. Bọ̀dá ké. Bàbá ṣí ilẹ̀kùn náà, ó sì tún gbá a mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ló jẹ́ kí gbogbo wa mọ̀ pé kì í ṣe èèṣì.

Ẹ̀jẹ̀ bo ẹnu ọ̀nà. Ìyá àgbà jáde láti ilé ìdáná, ó rí ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó padà wọlé, ó sì gbé ọmọ odó jáde. Ó lu Bàbá léjìká, ó lù ú láyà, ó là á lórí. Bàbá dúró gbagidi, kò gbé ọwọ́ sókè láti fi dáàbò bo ara rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn bọ́ sí i lójú. Nígbà tó rẹ Ìyá àgbà, Bàbá sọ̀rọ̀: "Ọmọ mi wà láyé. Ẹ máa bínú."

Awakọ̀ mìíràn ló wa bàálù náà. Ó balẹ̀ sí Kánò wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì padà dé lọ́jọ́ kejì. Ohun tó ba Bàbá jẹ́ nìyẹn. Gbogbo ènìyàn ní ẹ ò rí i, bàálù lọ, bàálù bọ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Ìka mẹ́ta ọwọ́ ọ̀tún Bọ̀dá kò nà mọ́. Àwọn dókítà tó ń yẹ awakọ̀ wò kò fọwọ́ sí i, ó di ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Marina fún àwọn tó ń wọ bàálù. Kò fẹsẹ̀ tẹ ilé wa mọ́.

Àwọn àgbà ẹbí pe ìpàdé. Wọ́n bi Bàbá pé kí ló rí tó fi ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ọmọ bíbí inú rẹ̀. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Ìyá àgbà, mò ń dúró kó dárúkọ mi. Ó ní òun wo ọwọ́ ọmọ náà ni. Wọ́n ní ẹ̀rí wo nìyẹn. Wọ́n bú u, wọ́n ní ìkà ni, ó sì gbà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo bi í lẹ́yìn náà pé kí ló dé tí kò sọ pé èmi ni, ó ní, "Ìwọ ṣì máa bá wọn gbé pẹ́."

Ìyá àgbà kò kúrò nílé, àmọ́ kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Á se oúnjẹ, á gbé e síwájú rẹ̀, á yí ẹ̀yìn padà. Bó bá fẹ́ sọ nǹkan, èmi ló ń rán, kódà bí Bàbá bá jókòó sí iwájú wa: sọ fún bàbá ẹ pé omi ti gbóná. Ọdún márùn-ún gbáko. Bàbá ṣì ń jókòó sórí àga rẹ̀, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà. Mo na ọwọ́ náà títí ó fi wú. Kí ọdún kan tó pé, ó gbé ìwé àṣẹ méjèèjì lọ fún wọn fúnra rẹ̀.

Kí n má parọ́, èmi náà ṣiyèméjì. Àga kì í ṣe bàálù. Bóyá ọwọ́ Bọ̀dá ì bá mọ̀nà bó bá jókòó sínú bàálù gidi. Bóyá ẹnu mi ló ba ayé ẹni tí mo fẹ́ràn jù jẹ́, tó sì sọ bàbá àgbà mi di ìkà lójú aya rẹ̀. Mo gbé èyí sùn fún ọdún márùn-ún, ó ń jẹ mí lára.

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni Bàbá kú, àyà ló dùn ún. Wọ́n ránṣẹ́ sí Bọ̀dá, ó sì wá. Òun àti Àlùfáà ló wẹ òkú. Mo rí i tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún tó ti rọ náà rọra bu omi. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni wọ́n gbé e lọ sí itẹ́ òkú, àwọn ọkùnrin lọ, àwa obìnrin jókòó sílé. Nígbà tí wọ́n dé, mo bá Bọ̀dá nídìí ẹ̀rọ omi lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ yẹ̀pẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀.

"Bọ̀dá, èmi ni mo sọ fún Bàbá lọ́jọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́."

"Mo mọ̀. Ta ni ì bá tún sọ ọ́?" Ó ti ẹ̀rọ omi. "Ràṣí, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn, mo ṣe é ní Ìkejà, nínú bàálù gan-an. A ti balẹ̀, a ṣì ń sáré. Ọwọ́ mi lọ sí táyà. Ẹnìkejì mi tí a jọ ń wa bàálù náà ló gbá a dànù. A bẹ ara wa pé ká má sọ fún ẹnì kankan."

"Ẹ sọ fún Bàbá?"

"Lọ́dọọdún ni mò ń sọ pé Iléyá tó ń bọ̀ ni màá wá sọ ọ́."

Mo nífẹ̀ẹ́ Bọ̀dá Wàídì, mo sì fẹ́ pa á lọ́jọ́ náà. Mo di aṣọ rẹ̀ mú láyà, ó ya, mi ò fi í sílẹ̀. Mo wọ́ ọ kọjá láàárín àwọn àlejò, àwọn kan ń pariwo pé kí ló ń ṣe ọmọ yìí, mo wọ́ ọ dé yàrá tí Ìyá àgbà jókòó sí lórí ẹní, mo sì tì í lulẹ̀ síwájú rẹ̀. Mo ní kó sọ ọ́.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó sọ ọ́ tán pátá. Ìyá àgbà gbọ́ ọ dópin. Ó gbá a létí ọ̀tún, ó gbá a létí òsì, ó tún padà sí ọ̀tún, Bọ̀dá kò sì yẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó bi í pé,

"Ṣé wọ́n ti bo sàárè yẹn?"

Bọ̀dá ní, "Wọ́n ti bò ó, Ìyá."

Ìyá àgbà ní kí n lọ bẹ Àlùfáà kí wọ́n ṣí i padà díẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni òun fẹ́ bá ọkọ òun sọ.